Ìjókòó onígi fún ìgbéyàwó létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́: ṣé pákó bàbá wa á tó?

ỌmọOnífági (ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Sátidé kejì nínú oṣù Kejìlá, lórí ilẹ̀ bàbá wa tó wà létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Igi máńgòrò ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àgbọn yí wọn ká, iyanrìn àti koríko sì ni ilẹ̀ náà. A ò ní ta kánópì. Abẹ́ igi yẹn gan-an la fẹ́ lò.

Káfíńtà ni bàbá wa. Nígbà tí ìrókò ẹ̀yìnkùlé ilé ẹbí wa wó lọ́dún 2014, wọ́n ní kí wọ́n là á sí pákó, wọ́n sì tò ó sábẹ́ àtíbàbà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé pákó yẹn làwọn máa fi ṣe ìjókòó ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn ọmọ àwọn. Ọlọ́jọ́ dé kí wọ́n tó ṣe é. Pákó 22 ló wà níbẹ̀: íǹṣì 2 ní nínípọn, íǹṣì 12 ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn. Èmi náà mọ ìfági í dì mú, wọ́n kọ́ mi dáadáa, àmọ́ n kò tíì ṣe ju àga mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.

Àlejò 150 là ń retí. Ṣé pákó 22 á tó? Ṣé bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn bójú mu níbi ìdána? Kí ni kí n ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà rì sínú iyanrìn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó bá mi dá sí i.

Onírẹ̀lẹ̀_Ìkòròdú (ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ)

Ẹ kú orí ire. Kí n sọ tèmi tọkàntọkàn: ẹ háyà àga rọ́bà. Àga rọ́bà 150 á wọ inú ọkọ̀ kan, ẹni tó ni ín á wá kó o padà, orí yín á sì fúyẹ́. Mo ti rí ìdílé tó fi oṣù mẹ́ta sáré kiri lórí ìjókòó, tí wọ́n wá gbàgbé láti bá alásè sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìgbéyàwó pọ̀ ju ìjókòó lọ.

ỌmọOnífági (ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ)

Mo dúpẹ́ ẹ̀gbọ́n. Màmá mi náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọdọọdún ni bàbá mi máa ń tú pákó yẹn tò, tí wọ́n máa yí èyí tó wà nísàlẹ̀ sókè, tí wọ́n á fọwọ́ pa á. Tí àbúrò mi bá jókòó lórí rọ́bà lọ́jọ́ náà tí pákó yẹn ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà, n ò ní lè sùn. A ti fún alásè ní owó àsansílẹ̀, ẹ má ṣe dààmú nípa ìyẹn.

Bàbá Àpótí (ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ)

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún 41 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìrókò tó ti wà lábẹ́ àtíbàbà láti 2014, wúrà ni. Bẹ́ǹṣì tí a bá fi pákó tútù kàn lónìí, bí ọyẹ́ bá dé báyìí, á lọ́, oríkèé rẹ̀ á sì ṣí. Tìrẹ ti lọ́ gbogbo lílọ́ tó fẹ́ lọ́. Yíyí tí bàbá rẹ ń yí i lọ́dọọdún, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn. Bẹ́ǹṣì rẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò. Àwọn kan máa ń ka íǹṣì 18 fún ẹni kan lórí bẹ́ǹṣì. Ìyẹn dára fún ọmọ iléèwé. Ẹni tó wọ agbádá, tàbí ìyá tó ró ìró, tó wé gèlè, tó gbé báàgì lọ́wọ́, íǹṣì 22 ló kéré jù. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kan ayùn, lọ wo orí pákó yẹn lápá méjèèjì. Ibẹ̀ ni igi ti máa ń yára gbẹ, ibẹ̀ náà ló ti máa ń là. Ka íǹṣì 6 dànù lápá kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹsẹ̀ bàtà 11. Gé e sí méjì, bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ íǹṣì 66. Ènìyàn mẹ́ta, íǹṣì 22 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó bá a mu rẹ́gí.

Èrò 150 fẹ́ bẹ́ǹṣì 50, ìyẹn pákó 25 fún ojú ìjókòó nìkan, a ò tíì sọ ti ẹsẹ̀. Pákó 22 kò tó. Má tìtorí ìyẹn la pákó náà sí íǹṣì 1 kó lè di púpọ̀ o. Pákó íǹṣì 1 tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 ààbọ̀, tí àgbàlagbà mẹ́ta bá jókòó lé e, ikùn rẹ̀ á sọ̀ sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ méjì. Ìrókò máa ń ní òkúta funfun nínú, ó lè tó ẹ̀kúnwọ́. Eyín ayùn tó bá pàdé rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí o bá rí ibi tí àwọ̀ igi ti dúdú yí ojú kan ká, tàbí tí ayùn ń dún yàtọ̀, dúró. Èkejì, ìyẹ̀fun ìrókò máa ń yún ara, ó sì máa ń há ọ̀fun. Fi aṣọ bo imú, má ṣe gbá a nínú yàrá tí a sé.

Alága Ìjókòó (ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ igi, iṣẹ́ alága ìdána ni mò ń ṣe, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ mi, má fi bẹ́ǹṣì aláìlẹ́yìn jókòó àgbà. Èmi ló máa ń rí ojú wọn láti iwájú. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́ wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ní wákàtí kejì wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ti ìbàdí. Bí ẹ bá rí bàbá tó ń dìde lemọ́lemọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba fóònù, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n.

Èkejì, ìdílé méjèèjì ló máa kọjú síra. Ẹ má fi àlàfo àárín mọ sí ẹsẹ̀ bàtà 6. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, bí wọ́n bá tó 10 wọ́n á tò, ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ìjókòó ẹbí wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 15 ni èmi máa ń bèèrè. Kí ẹ tẹ́ ẹní sí i, nítorí iyanrìn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìjókòó òbí. Ìyàwó á jókòó lé ẹsẹ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ kí wọ́n súre fún un, á tún lọ jókòó lé ẹsẹ̀ àwọn àna rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta lórí ìjókòó ènìyàn méjì, ìyàwó pẹ̀lú aṣọ òkè tó wúwo. Mo ti wà níbi tí ẹsẹ̀ àga òbí ti yẹ̀ tí ìyàwó ṣubú, inú gbogbo ilé bàjẹ́. Ìjókòó òbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kó lágbára ju gbogbo ìyókù lọ, kó ní apá lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n á fi dìde.

ỌmọOnífági (ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ)

Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. N ò rò ó débẹ̀. Ìbéèrè kan: bàbá wa ò sí mọ́. Ṣé kí n fi àyè wọn sílẹ̀ lórí ìjókòó yẹn lọ́jọ́ náà?

Alága Ìjókòó (ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ)

Rárá, ọmọ mi. Àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá yín, òun ni ojú gbogbo èrò máa wò, ojú màmá yín náà á sì máa lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá yín ni kó jókòó síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó lẹ́mìí ni ọmọ ń jókòó lé gba àdúrà. Bàbá yín wà nínú igi náà.

Bàbá Àpótí (ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ)

Òótọ́ ni Alága sọ. Ó dẹ tún ìṣirò wa ṣe. Ká ní àgbà 30 máa ní ìjókòó ẹlẹ́yìn. Ó ku 120, bẹ́ǹṣì 40. Pákó ìrókò 20 fún ojú ìjókòó, ó ku 2. Méjì yẹn ni kí o fi ṣe ìjókòó òbí fún ìdílé méjèèjì. Gbogbo ìrókò bàbá rẹ bọ́ síbi tí ara máa kàn án. Ẹsẹ̀ lè jẹ́ igi mìíràn.

Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ni kí o ṣe, pákó íǹṣì 12 tí a dá dúró, íǹṣì 15 ní gíga. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 kan á fún ọ ní ẹsẹ̀ 8, àjẹkù á sì ṣẹ́ kù. Bẹ́ǹṣì 40 fẹ́ ẹsẹ̀ 80, pákó 10. Fún ọ̀pá ìdábùú tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ra igi íǹṣì 2 sí 4. Ọ̀kan á fún ọ ní méjì, nítorí náà 20. Àwọn àga ẹlẹ́yìn 30, wá wọn yá ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Má bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n láàárín oṣù mẹ́rin.

Sọ́míìlì_Agbówà (ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ)

Ẹ kú ìjíròrò. Fún ẹsẹ̀, afàrà ni kẹ́ ẹ rà. Kò wúwo púpọ̀, ó ń gba ìfági wẹ́rẹ́, ìṣó kì í fi bẹ́ẹ̀ là á. Arère tún fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì máa ń dín owó kù, àmọ́ ó rọ̀, omi máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró kíákíá, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ mú téèpù dání wá. Ohun tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 2 sí 12 ní sọ́míìlì, ẹ wọ̀n ọ́n. Ìgbà míì íǹṣì 1 àti díẹ̀ ni, fífẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ 11. Kì í ṣe pé gbogbo wa ń rẹ́ni jẹ. Ayùn máa ń jẹ díẹ̀, gbígbẹ sì máa ń fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìṣirò Bàbá Àpótí á fọ́ tí ẹ kò bá wọ̀n ọ́n. Ẹ rà á nísinsìnyí, kó lè gbẹ fún oṣù méjì ó kéré tán. Ẹ tò ó kúrò nílẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín pákó kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí ara wọn gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dókè, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ pákó á tẹ̀. Ẹ fi àjẹkù ọ̀dà kun orí rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tí bàbá àgbà tèmi wà láyé, orí omi ni gẹdú ń gbà wá láti apá Oǹdó, wọ́n á so ó pọ̀ bí ẹní, wọ́n á máa tù ú gba ọ̀sà yìí kọjá lọ sí Okobaba ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tà. Létí ọ̀sà kan náà lẹ fẹ́ gbé bẹ́ǹṣì sí. Inú mi dùn sí i.

Aránṣọ Ìtòìkín (ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ)

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta igi apá fún yín bí pákó bá dín. Apá lágbára, ó rẹwà, àmọ́ bí omi bá kàn án, aró yẹ́lò máa ń jáde lára rẹ̀. Oníbàárà mi kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì apá tí ìrì ti sẹ̀ sí, léèsì funfun ló wọ̀. A fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Aṣọ ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ìdán pákó náà ńkọ́? Ìfági nìkan kò tó fún léèsì. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 pa á, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 180. Ẹ má kàn pa ojú rẹ̀ nìkan. Etí iwájú tí ẹ̀yìn orúnkún ń kàn, ìsàlẹ̀ etí náà níbi tí ènìyàn ń fọwọ́ dì mú bó bá fẹ́ fà á, gbogbo rẹ̀ ni kó rí roboto. Bí ẹ bá rò pé ó ti dán, ẹ mú àjákù léèsì kan, ẹ fi wọ́ ojú bẹ́ǹṣì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tó bá ti kọ́, ẹ̀gún igi wà níbẹ̀. Igi gànràn-gànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ti aṣọ, ọwọ́ la fi ń wò ó.

Dírílì (ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀gbọ́n fẹ́ máa gbẹ́ ihò àti ahọ́n igi tó máa wọ inú rẹ̀ fún ẹsẹ̀ 80 ni? Kí oṣù Kejìlá tó dé? Skúrù mẹ́ta mẹ́ta láti òkè wá, gúlù funfun, ó parí. Dírílì oníbátìrì kan á ṣe bẹ́ǹṣì 6 lóòjọ́.

Bàbá Àpótí (ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ)

Àbúrò, n kò bá skúrù jà. Gúlù ni mo ń bá jà níbẹ̀ yẹn. Ojú ìjókòó fẹ̀ tó íǹṣì 12. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, á fún, bí òjò bá dé, á wú. Bí o bá fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ gírígírí, ibi tí á ti yà ló máa wá. Skúrù nìkan, kí ihò tó wà lára ìjókòó fẹ̀ díẹ̀ ju skúrù lọ, kó lè rìn. Orí skúrù kò gbọdọ̀ yọ sókè: lu ihò sílẹ̀ fún un, kí o fi èdìdì igi ìrókò dí i, kí o fági rẹ̀ dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìdábùú gbọ́dọ̀ ní ahọ́n. Kí ahọ́n rẹ̀ gba inú ẹsẹ̀ kọjá sí òdìkejì, kí o lu ihò sí ahọ́n náà, kí o fi èèkàn igi há a. Bó bá ń mì, òòlù kan lórí èèkàn, ó ti le. Ìṣó kò lè ṣe èyí fún ọ. Bí ìṣó bá ti tú, ó ti tú.

Akànkọ̀ (ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ)

Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń kàn, mo mọ iyanrìn etí ọ̀sà yẹn dáadáa. Ẹsẹ̀ pákó tó dá dúró lórí iyanrìn, ọ̀bẹ ni. Á wọlé. Ẹ kan pákó pẹlẹbẹ, íǹṣì 4 ní fífẹ̀, íǹṣì 1 ní nínípọn, mọ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bíi bàtà. Íǹṣì 2 ló ń tẹ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di 4. Ìwúwo kan náà, ilẹ̀ tó gbé e ti di ìlọ́po méjì. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe bàtà náà, igi tí omi kì í tètè bà jẹ́. Àwọn tó ń rì òpó sínú omi fi ń ṣe òpó.

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ da omi sí ojú ibi tí bẹ́ǹṣì máa wà, kẹ́ ẹ fi nǹkan gún un. Iyanrìn tó tutù tí a gún máa ń le ju èyí tó gbẹ lọ.

ỌmọOnífági (ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra afàrà 10 ní Agbówà. Mo wọ̀n ọ́n, mẹ́ta nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ò tó íǹṣì 11, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìjà. Orí ìrókò ti là lóòótọ́ bí Bàbá ṣe sọ, íǹṣì 5 sí 6 ni mo gé dànù. Mo rí òkúta funfun nínú méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló gbé mi wá. Kí n má baà fi ìrókò ṣòfò, mo fi arère kan bẹ́ǹṣì kan wò, ìwọ̀n kan náà. Mo gbé ẹsẹ̀ wọlé íǹṣì 12 láti ìpẹ̀kun, mo rí irú rẹ̀ nínú àwòrán, ó wù mí. Àwọn àbúrò màmá mi méjì jókòó, èmi náà jókòó. Àwa méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku àǹtí kan ní ìpẹ̀kun, bẹ́ǹṣì náà sì nà sókè, wọ́n jókòó sórí iyanrìn. Ohunkóhun ò ṣe wọ́n, àmọ́ àyà mi já. Ṣé arère ló fà á ni, àbí ẹsẹ̀?

Bàbá Àpótí (ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án)

Àwọn méjèèjì. A dúpẹ́ pé ilé ló ti ṣẹlẹ̀. Bẹ́ǹṣì arère yẹn kò lè ju nǹkan bíi kìlò 16 sí 18 lọ. Ti ìrókò á tó 28. Àǹtí rẹ jókòó síta ẹsẹ̀, ìwúwo wọn ń fa apá kan wálẹ̀, ìwúwo bẹ́ǹṣì nìkan ló ń fa apá kejì. Arère kò lágbára tó láti fà á padà. Ìrókò lè fà á padà fún ẹni kékeré, ẹni tó bá sanra á ṣì gbé e.

Má gbára lé ìwúwo igi. Ẹni tó jókòó sí ìpẹ̀kun pátápátá, àárín ara rẹ̀ wà ní nǹkan bí íǹṣì 8 sínú. Bí ẹsẹ̀ bá wà ní íǹṣì 4 tàbí 5, ìwúwo rẹ̀ bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sí ohun tó lè gbé bẹ́ǹṣì yẹn sókè. Ó lè má rẹwà tó èyí tí o rí nínú àwòrán. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán yẹn kò rí àǹtí rẹ.

Dírílì (ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án)

Ẹ̀kọ́ gidi lèyí. Mo máa ń gbé ẹsẹ̀ wọlé jìnnà gan-an, mo sì ti kan bẹ́ǹṣì báyìí fún ilé oúnjẹ kan. Ọ̀la ni màá lọ sún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní Sátidé, mo wà ní Òkè-Balógun, màá gbé dírílì mi wá. Ẹ má fún mi lówó.

ỌmọOnífági (ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá)

Bẹ́ǹṣì 31 ti dúró. Dírílì wá ní Sátidé mẹ́rin, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Ìjókòó òbí méjèèjì ti parí: ènìyàn mẹ́rin jókòó sórí ọ̀kan, a tún gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan lé itan ẹni tó wà láàárín, kò dún rárá.

Ìbéèrè ti ìkunra ló kù. Ẹnì kan ní kí n fi ọ́ìlì dúdú inú ẹ́ńjìnnì pa á nítorí ikán. Òmíràn ní fáníṣì.

Aránṣọ Ìtòìkín (ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá)

Ọ́ìlì dúdú kẹ̀? Lábẹ́ aṣọ ẹbí? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun!

Bàbá Àpótí (ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá)

Ìrókò kò nílò ọ́ìlì dúdú, ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ. Bàtà ẹsẹ̀ náà, ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni. Afàrà tó wà láàárín ló gba àbò. Fi oògùn ikán pa á nínú lọ́hùn-ún níbi tí aṣọ kì í kàn, kó sì gbẹ pátápátá.

Fún ojú ìjókòó, fáníṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìpele méjì, kí o fi sáńpépà 220 pa àárín wọn. Má ṣe é ní ọjọ́ tí òjò ṣú. Ohun tó ń já fáníṣì kulẹ̀ ni ìkánjú: ó gbẹ lójú, kò gbẹ nínú, tí ara gbígbóná bá jókòó lé e fún wákàtí mẹ́ta, á lẹ̀ mọ́ aṣọ. Kí èyí tó gbẹ̀yìn ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ tó pé. Bó bá jẹ́ epo línsíìdì lo yàn, àkísà tí o fi pa á, má kó o jọ síbì kan. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kí o rì í sínú omi.

Alága Ìjókòó (ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá)

Tèmi ni pé ìrì oṣù Kejìlá létí ọ̀sà máa ń wúwo. Bí ẹ bá to bẹ́ǹṣì lálẹ́, á rin gbindin láàárọ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé, tàbí kẹ́ ẹ fi tapólì bò ó. Ẹ yan ọmọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú tọ́wẹ̀lì gbígbẹ ní aago méje.

ỌmọOnífági (ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá)

Ẹ kú àdúrótì. A ti ṣe é, ó sì dùn.

A to ìdílé méjèèjì kọjú síra, àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 15 láàárín, ẹní méje. Ọ̀rẹ́ ọkọ 12 ló dọ̀bálẹ̀, gbogbo wọn gbà á. Ìrì sẹ̀ bí òjò, tọ́wẹ̀lì ló gbà wá. Bàtà ọ̀pẹ̀pẹ̀ ò rì ju ìka kan lọ. Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni gbòǹgbò máńgòrò: bẹ́ǹṣì 6 tó wà nítòsí rẹ̀ ń jó lórí ilẹ̀, a ní láti gbẹ́ iyanrìn lábẹ́ bàtà kan kan kó tó dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó lọ to bẹ́ǹṣì sórí ilẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló jókòó pẹ̀lú màmá. Nígbà tí àbúrò mi wá jókòó lé ẹsẹ̀ wọn, màmá gba apá ìjókòó náà mú, wọ́n ń fọwọ́ pa á lọ pa á bọ̀ títí àdúrà fi parí. Bàbá ló máa ń fọwọ́ pa á bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. N kò mọ̀ pé màmá ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí.

Bẹ́ǹṣì 26 ti lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ládùúgbò wa, níbi tí àwọn ọmọ kan ti ń jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Ó ku 14 tí a fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yá.

Onírẹ̀lẹ̀_Ìkòròdú (ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá)

Ẹ kú oríire o. Èmi ni mo sọ pé kẹ́ ẹ háyà rọ́bà. Mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì pe ìyàwó mi wá kà á. Ọmọ wa ń ṣe ìkómọ ní ọjọ́ 6, oṣù Kìn-ín-ní. Ṣé ẹ lè yá wa ní 10?

ỌmọOnífági (ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá)

Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá kó o. Ẹ mú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 wá, kẹ́ ẹ sì mú ènìyàn méjì dání, nítorí gbígbé là ń gbé e, a kì í wọ́ ọ nílẹ̀. Bó bá di alẹ́, ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù. Mo ti fi èèkàn igi mẹ́rin sínú ọ̀rá, mo so ó mọ́ bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, bóyá ọ̀kan á yọ lójú ọ̀nà Ìtòìkín. Ìjókòó òbí nìkan ni n kò lè yá yín. Ó ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màmá ń já ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀.